Ọkùnrin Tí Apá Ẹ̀wù Rẹ̀ Tutù

Ẹ̀wù náà kò ní àmì.

Àbúrò yí ọrùn rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan, ó tún un yí, ó gbé e súnmọ́ fèrèsé. Ẹ̀wù funfun ni, ó ti gbó díẹ̀ létí, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí òwú pupa wà, aṣọ lásán ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú ilé ìfọṣọ tiwọn, aṣọ kan kì í kọjá káńtà láìgba àmì. Àmì ti adájọ́ ni igi mẹ́ta. Ti olùkọ́ àgbà ni òrùka kan tó ní ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń fi abẹ́rẹ́ rán an síbẹ̀ kí wọ́n tó ki aṣọ bọ omi, torí omi kò mọ ẹ̀wù adájọ́ yàtọ̀ sí ti olè.

"Ta ló fi èyí sílẹ̀?" ó bi ara rẹ̀.

"Èmi ni," ẹnì kan dáhùn.

Ọkùnrin kan dúró ní iwájú káńtà. Agogo kékeré orí ilẹ̀kùn, tó máa ń pariwo bó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn lásán ló fẹ́ wọlé, kò dún rárá. Ọkùnrin náà wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, apá kóòtù méjèèjì sì tutù rinrin títí dé ìgbọ̀nwọ́, bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọwọ́ kúrò nínú ọpọ́n ìfọṣọ. Oòrùn ń mú lóde. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò ti rọ̀ gbẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí lorúkọ yín? Kí n lè wo àmì yín nínú ìwé."

"Mi ò tíì ní àmì," ó wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ lo máa fún mi ní ọ̀kan."

Àbúrò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú bírò. Nígbà tó gbójú sókè, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́. Ó yípo káńtà lọ wo ilẹ̀ tí omi ti ń kán sí lójú rẹ̀ kòrókòró. Ilẹ̀ náà gbẹ táútáú.

Kò pariwo. Ó padà sídìí tábìlì, ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó lọ ẹ̀wù mẹ́rin tó kù. Ẹni tí irú rẹ̀ ti bá rí kì í kọ́kọ́ pariwo.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni orí rẹ̀ kọ́kọ́ dàrú. Ohùn ọkùnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ láti inú ọpọ́n ìfọṣọ, ohùn tútù, ohùn ọmọlúàbí. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń dá a lára yá ni: ó máa ń sọ fún un nípa ẹni tó sunkún sí etí ẹ̀wù yìí, àti ẹni tó parọ́ nínú tọ̀hún. Nígbà tó yá, ohùn náà sọ fún un pé obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé nínú ilé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ni Àbúrò bá jáde nílé. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún kọjá kí wọ́n tó rí i ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó wọ ẹ̀wù oníbàárà méje léra wọn, ó dé bọ́tìnnì gbogbo wọn dé ọrùn. Ẹ̀gbọ́n sáré sí i, ó ń pè é. Àbúrò wò ó tìṣọ́ra-tìṣọ́ra, ó ní, "Ìyá, ẹ ti ṣìnà."

Gbolóhùn yẹn ló ń bà á lẹ́rù jù láyé. Kì í ṣe ilé ìwòsàn, kì í ṣe ẹnu aráyé. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ láti ìgbà tí òbí wọn ti kú, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló jẹ́ ìyá àti bàbá fún un. Pé òun wo ojú yẹn, kí òun má mọ̀ ọ́n.

Oògùn ló mú un padà. Kápúsù kan láràárọ̀, ìdajì rẹ̀ búlúù, ìdajì funfun. Lọ́jọ́ tó kúrò nílé ìwòsàn, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò oògùn náà lé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀," ó wí. "Bí ọkùnrin yẹn bá fẹ́ padà wá, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé kí n má lò ó mọ́. Tó bá wà lọ́wọ́ yín, kò ní rí ọ̀nà gbà."

"Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí i," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì fi ìgò náà sí abẹ́ ìrọ̀rí tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo òwúrọ̀ ọdún mẹ́fà, Ẹ̀gbọ́n a na àtẹ́lẹwọ́, kápúsù kan a wà láàárín rẹ̀, ife omi a wà lọ́wọ́ kejì.

Kì í ṣe pé oògùn náà kò ní wàhálà tirẹ̀ o. Ó ń mú oorun wá bí ẹni tí wọ́n fi òkúta lé lórí. Ẹnu Àbúrò ń gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ ń falẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì kéré. Lọ́jọ́ kan báyìí ó sùn lọ lórí ìdúró, áyọ́ọ̀nù sì jó ẹ̀yìn aṣọ ilé ẹjọ́ adájọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ẹ̀gbọ́n fi bẹ adájọ́. Ṣùgbọ́n Àbúrò ti fara mọ́ ọn. Ó máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ̀ pé, "Ẹni tó sùn, ó kúkú mọ ilé tó sùn sí."

Àfi bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, tí oorun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó ń lọ ọgbọ̀n ẹ̀wù kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ afìwéránṣẹ́ títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ohun gbogbo mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, débi pé aṣọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí rẹ̀, ìró tín-ín-rín kan bíi ti kẹ̀kẹ́ tí kò lépo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, orí mi ń fúyẹ́ jù," ó wí láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ṣé kí a lọ rí dókítà kí ọjọ́ tó dá fún wa tó pé?"

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ara rẹ ló ń yá. Ta ló ń torí pé ara òun yá lọ bá dókítà? Gba oògùn rẹ."

Ó gbà á, ó gbé e mì.

Ní ọjọ́ kẹta tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ wá, ó tún dé. Ẹ̀gbọ́n ti jáde, ó ń gbé aṣọ kiri fún àwọn oníbàárà bó ṣe máa ń ṣe lọ́sàn-án. Àbúrò kò gbọ́ agogo. Òórùn omi ọṣẹ tó ti pẹ́ nínú ọpọ́n ló kọ́kọ́ gbọ́, ó sì mọ̀ kó tó gbójú sókè.

"Ṣé o ti rí àmì fún mi?"

Ó kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù dúró sórí ìgbáyọ́ọ̀nùlé rẹ̀, torí ó mọṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, kò rí ojú rẹ̀ rí. Ohùn yìí nìkan ló mọ̀.

"Ẹ̀yin ni," ó wí.

"Èmi ni."

"Mò ń lo oògùn mi. Mi ò fo ọjọ́ kan. Kò yẹ kí ẹ lè dé ibí."

"Òun ló yẹ kó yà ọ́ lẹ́nu," ni ọkùnrin náà wí.

Àbúrò ní òfin kan tó ti ṣe fún ara rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òfin náà ni pé ohun tó bá ti inú orí òun jáde, kò lè mọ ohun tí orí òun kò mọ̀. Bí òun bá rí ẹnì kan tí kò dá òun lójú, kí òun bi í ní ohun tí òun kò mọ̀, kí òun sì lọ wádìí. Ó di etí tábìlì mú.

"Ẹ sọ ohun kan tí mi ò mọ̀ fún mi."

Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Àánú ló wà lójú rẹ̀, àánú náà ló sì ba Àbúrò lẹ́rù ju omi tó ń kán lọ. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀ gidigidi.

"Ohun tí ò ń gbé mì láràárọ̀," ó wí, "òun lo fi ń mú ọrùn ẹ̀wù adájọ́ le."

Àbúrò kò dúró wò ó bó ṣe lọ. Ó wọ yàrá Ẹ̀gbọ́n, ó gbé ìrọ̀rí, ó mú ìgò náà. Kápúsù náà wà bó ṣe wà láti ọdún mẹ́fà, búlúù àti funfun. Ó mú mẹ́ta, ó fà wọ́n ya, ó gbọn ìyẹ̀fun inú wọn sínú ṣíbí ńlá kan. Ó bu omi tútù sí i, ó gbé e sórí iná.

Kò sí dókítà tó mọ ohun tí Àbúrò ń wò nínú ṣíbí yẹn. Alágbàfọ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Sítáàṣì a kọ́kọ́ dà bíi wàrà nínú omi tútù. Bí iná bá mú un, a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé kò fẹ́ jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà a mọ́ gaara, a ki, a fà bí àtè. Ó wò ó títí ó fi jẹ́wọ́. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi pa etí áńkáṣíìfù kan, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Etí áńkáṣíìfù náà dìde dúró gan-an.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Kò tíì sunkún. Ó ń ka òwúrọ̀ lọ́kàn rẹ̀: àtẹ́lẹwọ́ tó nà sí i, ife omi, ojú tó ń wò ó títí tó fi gbé e mì, ẹnu tó ń sọ pé "ó káre". Láti orí èwo nínú wọn ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀? Ó wá dà bí ẹni pé gbogbo ọdún mẹ́fà náà ló ti bàjẹ́ pọ̀, bí omi aró ṣe ń ba gbogbo aṣọ inú ọpọ́n jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo lórí. Ó rí kápúsù tó ya nílẹ̀, ó rí ṣíbí.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ni?" ni Àbúrò bi í.

Ẹ̀gbọ́n sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ méje."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo fẹ́ kí ó pé oṣù mẹ́ta, kí n wá sọ fún ọ pé, wò ó, o ò lo nǹkan kan, o sì wà bó o ṣe wà. Tí mo bá sọ fún ọ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù nìkan ló máa dá àìsàn náà padà. Ọdún mẹ́fà, Àbúrò! Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń bá òjìji gbé. Nígbà tó o rẹ́rìn-ín sí afìwéránṣẹ́ yẹn, mo wọ ilé ẹ̀yìn, mo sunkún. Mo ní àbúrò mi ti padà dé."

"Ẹ ò bi dókítà."

"Mo mọ ohun tó máa sọ."

"Ó dáa. Ẹ ò bi dókítà. Èmi ńkọ́? Ẹnu tèmi lẹ ń kì í bọ̀. Ẹ ò bi mí." Ẹkún gbọ̀n ọ́n wàyí. "Ẹ̀yin ni mo fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mi. Mo ní bí gbogbo ayé bá tàn mí, tí orí èmi gan-an bá tàn mí, ẹ ò ní tàn mí. Ẹ̀yin lẹ wá ṣí i."

Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, àgbà tó jù ú lọ ní ọdún mẹ́rìnlá. "Má bínú. Jọ̀wọ́." Lẹ́yìn náà ló wá ronú kan ọ̀rọ̀ kan. "Báwo lo ṣe mọ̀? Nínú ilé yìí, èmi nìkan ni mo mọ̀. Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọkùnrin kan ni. Ó wá sí káńtà. Kóòtù eérú ló wọ̀."

Ojú Ẹ̀gbọ́n yí padà. Ó gbára lé apẹ̀rẹ̀, ó jókòó lé orí aṣọ ìdọ̀tí.

"Ṣé apá kóòtù rẹ̀ tutù?" ó béèrè.

"Títí dé ìgbọ̀nwọ́," ni Àbúrò wí.

"Oníbàárà ni," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ó wọlé ní ọjọ́ kejì tí aṣọ adájọ́ jó. Ó bá mi lórí ẹkún. Mo tilẹ̀ fún un ní táwẹ́ẹ̀lì pé kó fi nu ọwọ́, kò gbà á. Ó ní àbúrò tòun náà rí bẹ́ẹ̀ rí, pé oògùn ló sọ ọ́ di òkú tó ń rìn, pé ọjọ́ tí òun dá a dúró ló jí. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣí kápúsù tí kò fi ní ya. Òun ló ní kí n má sọ fún dókítà, pé àwọn dókítà kì í fẹ́ kí ẹni tó wà lọ́wọ́ wọn lọ. Àánú wa ló ń ṣe é, Àbúrò. Ẹni rere ni."

Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀nà tí ọkùnrin náà kò rí gbà wọlé lọ́dọ̀ òun, ọ̀dọ̀ ẹni tí òun fi ṣọ́nà ló gbà á. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wà níwájú dókítà. Obìnrin kúkúrú kan ni, tó máa ń so awò ojú mọ́ ọrùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, ó wá kọjú sí Ẹ̀gbọ́n.

"Wọn kì í dédé já oògùn yìí lẹ́ẹ̀kan náà, mà. Bí ó bá ṣeé dín kù, díẹ̀díẹ̀ la ń dín in, lójú wa. Ti oorun àti ọwọ́ tó ń falẹ̀ yẹn, oògùn mìíràn wà tí kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò bá ti sọ fún mi. Iṣẹ́ mi náà nìyẹn."

Èyí dun Àbúrò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀nà wà, ìbéèrè kan péré ló sì gbà.

"Dókítà, báwo wá ni ọkùnrin yẹn ṣe mọ̀?" ó béèrè. "Orí mi ò mọ̀."

"Orí yín mọ̀," ni dókítà wí jẹ́jẹ́. "Ojú yín rí agolo sítáàṣì tó ń yára dín. Ara yín mọ̀ pé ohun kan ti yí padà. Ọkàn míì wà nínú wa tó ń ṣírò kí a tó mọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún ara yín, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi náà rí i."

Dókítà yíjú. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà? Ẹ̀yin náà rí ọkùnrin yìí? Ẹ má fi pamọ́ fún mi. Nígbà mìíràn, irú àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí."

Àbúrò rí ẹ̀rù tó gba ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá. Ó rí i tó tún háńdúbáàgì gbé sórí itan, tó gbé ọrùn sókè bí obìnrin iyì.

"Rárá o," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Èmi kọ́. Òun ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ẹnì kankan."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú fáìlì náà, ẹnì kan péré ni orí rẹ̀ kò pé.

Oògùn tuntun náà kò tètè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà ṣì ń wá fún ìgbà díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnu rẹ̀ ń mì ṣùgbọ́n Àbúrò kò gbọ́ ohùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kóòtù nìkan ló ń rí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, káńtà ṣófo, aṣọ funfun dákẹ́, oorun sì padà wá, èyí tó ṣeé sùn. Ìgò oògùn wà nínú àpótí tirẹ̀ báyìí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bu omi tó fi ń lò ó.

"Ṣé títí ayé lo máa fi ìyà yìí jẹ mí ni?" ni Ẹ̀gbọ́n bi í lọ́jọ́ kan, nígbà tó rí kọ́kọ́rọ́ náà.

"Mi ò fi ìyà jẹ yín, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ rí dókítà. Ẹ sọ òótọ́ fún un. Ohun tí mo fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Èmi kọ́ ni mo ya wèrè," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ káàárọ̀". Ní ọjọ́ kẹrin, Ẹ̀gbọ́n yọ sídìí tábìlì rẹ̀ lọ́sàn-án. Ojú rẹ̀ tutù, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ìyá mi, ìbínú yìí ti tó. Jẹ́ kí n po tíì fún wa. A ò tíì jọ mu tíì láti ìgbà yìí wá."

Ọkàn Àbúrò rọ̀. Ọmọ ìyá ni ọmọ ìyá. Ó ní kò burú. Ó gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n wọ ilé ìdáná, tó gbé kẹ́tù, tó ṣí agolo. Ó rántí pé òun kò sọ fún un pé ṣúgà ti tán, pé tuntun wà nínú yàrá ẹrù. Ó mú un, ó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí díẹ̀. Ó gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó sì ń dákẹ́ díẹ̀ láàárín, bí ẹni tó ń gba èsì. Kò sí ohùn kejì. Àbúrò tẹ́tí títí, ó tẹ́tí pẹ̀lú gbogbo ara, kẹ́tù nìkan ló gbọ́.

"Ẹ gbé ohùn yín sókè díẹ̀, sà," ni Ẹ̀gbọ́n ń wí. "Kò lè gbọ́ yín mọ́. Kí lẹ ní kí n fi sínú rẹ̀?"